Fọ́tò Tí Ó Dé Iwájú Aláṣẹ: Ìtàn Àwòrán Ilẹ̀ Àdáyébá láti Yosemite dé Gabon

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1864, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin kan lórí ilẹ̀ tí kò fi ojú rí rí. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń jà lọ́wọ́, ó ti wọ ọdún kẹrin. Òfin náà fi àfonífojì Yosemite àti igbó igi ràbàtà tó wà ní Mariposa lé ìpínlẹ̀ California lọ́wọ́, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, kí gbogbo ènìyàn lè máa rí ibi ṣe fàájì títí ayé. Ọkọ̀ ojú irin kò tíì so ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè náà mọ́ ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ti Washington lọ sí California yóò lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú ọ̀nà. Díẹ̀ ni aṣòfin tó ti dé Yosemite. Ohun tí àwọn yòókù ní lọ́wọ́ kò ju lẹ́tà, ìròyìn inú ìwé ìròyìn, àti fọ́tò lọ.

Carleton Watkins ló ya àwọn fọ́tò náà. Ọdún 1829 ni wọ́n bí i ní Oneonta, ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí òkìkí wúrà fà lọ sí California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850. Kò rí wúrà tó tó nǹkan, iṣẹ́ fọ́tò ló kọ́. Ní ọdún 1861, ó ní kí wọ́n kan kámẹ́rà kan fún òun, èyí tó lè gba dígí tí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 18, tí gígùn rẹ̀ sì tó íǹṣì 22.

Ẹni tó ń fi fóònù ya fọ́tò lónìí lè béèrè pé kí ni èèyàn fẹ́ fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe. Sísọ fọ́tò kékeré di ńlá kò tíì rọrùn láyé ìgbà yẹn. Orí dígí ni àwòrán ti ń kọ́kọ́ hàn. Wọn yóò wá tẹ́ dígí náà lé ìwé tí wọ́n ti fi funfun ẹyin àti oògùn fàdákà pa, wọn yóò sì sá a sóòrùn títí àwòrán yóò fi mú. Bí dígí bá ṣe tóbi tó ni fọ́tò yóò ṣe tóbi tó. Wàhálà dígí fúnra rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ayafọ́tò yóò wọ inú àgọ́ tó ṣókùnkùn, yóò da oògùn kan tó ń fà bí oje igi sójú dígí, yóò rì í bọ omi oògùn fàdákà, yóò gbé e sáré sínú kámẹ́rà, yóò yà á, yóò sì tún gbé e sáré padà sínú àgọ́ kó lè fọ̀ ọ́ kí ó tó gbẹ. Bí ó bá gbẹ, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú bíi 15 péré ni gbogbo rẹ̀ ní. Nítorí náà, ibi yòówù tí Watkins bá fẹ́ yà, àgọ́, oògùn, omi àti dígí gbọ́dọ̀ bá a débẹ̀, ìbá à ṣe ní etí ọ̀gbun. Ìbaaka bíi méjìlá ló ru ẹrù rẹ̀ wọ àfonífojì náà. Nígbà tó padà sí San Francisco, dígí ńláńlá 30 ló kó bọ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi 100 fọ́tò oníbejì, irú èyí tí wọ́n ń fi awò wò, tí òkè àti igi inú rẹ̀ yóò dà bí ohun tó yọ síta.

Ojú ọ̀run inú fọ́tò Watkins funfun láìsí ìkùukùu, nítorí oògùn ìgbà náà kò lè mú àwọ̀ búlúù yàtọ̀ sí funfun. Òṣọ̀rọ̀ omi inú wọn rí bí òwú tí a yà sílẹ̀, nítorí omi kì í dúró de kámẹ́rà. Nínú ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Galen Clark dúró sí ìdí igi ràbàtà tí wọ́n ń pè ní Grizzly Giant. Èèyàn ní láti wò ó dáadáa kó tó rí ọkùnrin náà. Fún ẹni tí kò tíì rí igi bẹ́ẹ̀ rí, fọ́tò yìí nìkan tó láti pa ẹnu iyèméjì dé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1862, wọ́n ṣe àfihàn àwọn fọ́tò náà ní ilé àwòrán Goupil ní New York, àwọn èèyàn pàtàkì sì wá wò ó. Ní oṣù Kejì ọdún 1864, Israel Ward Raymond, tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò lọ sí California, kọ lẹ́tà sí Sẹ́nẹ́tọ̀ John Conness pé kí ìjọba dáàbò bo àfonífojì náà, kí àwọn èèyàn má baà máa gé igi ibẹ̀, kí wọ́n má sì pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Conness gbé àbá òfin kalẹ̀, ó sì yè. Fọ́tò nìkan kọ́ ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń wá èrò, California ń wá ògo, kò sì sí ẹni tó rò pé wúrà tàbí oko rere kan wà láàárín àpáta wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí fọ́tò, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Conness ì bá gbé lọ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó tọ́ kí a béèrè àwọn tí kò sí nínú fọ́tò. Àwọn Ahwahneechee ti ń gbé àfonífojì náà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1851, ọdún mẹ́wàá péré kí Watkins tó dé, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tí California gbé dìde ya wọ ibẹ̀, wọ́n dáná sun abúlé àti oúnjẹ tí wọ́n tọ́jú pamọ́, wọ́n sì lé Tenaya olórí wọn àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò. Àwọn kan padà wá, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ nígbà tí Watkins ń ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀dàn títẹ́jú tó wà láàárín àpáta, èyí tí gbogbo ẹni tó rí fọ́tò náà rò pé bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dáná sun igbó kéékèèké abẹ́ igi, kí igi tí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀ lè ráyè, kí àgbọ̀nrín sì lè rí koríko jẹ. Nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún mọ́, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀dàn. Ohun tí a ń pè ní aginjù nínú fọ́tò yìí, àgbàlá ẹni kan ni.

Ọ̀nà kan náà ni Yellowstone gbà, ó tilẹ̀ yá ju ti Yosemite lọ. Àwọn ọdẹ tó ń wá awọ ẹranko ti ń ròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé omi gbígbóná ń tú sókè láti inú ilẹ̀ ibẹ̀, pé ẹrẹ̀ ń hó kútúkútú bí ẹ̀kọ orí iná. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ John Colter àti Jim Bridger sí irọ́ ọdẹ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àfojúbà náà ni William Henry Jackson sì gbé bọ̀ ní ọdún 1871, nígbà tó bá ikọ̀ ìwádìí Ferdinand Hayden lọ. Ayàwòrán Thomas Moran wà pẹ̀lú wọn. Moran kun àwọ̀ tí kámẹ́rà kò lè mú, Jackson sì fi fọ́tò jẹ́rìí pé Moran kò sọ àsọdùn. Hayden kó àwọn fọ́tò náà lọ fún àwọn aṣòfin. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 1872, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin tó sọ ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì éékà di ọgbà orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń retí èrò wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí náà. Àwọn Shoshone, Bannock, Crow àti Blackfeet tó ń dọdẹ tí wọ́n sì ń kọjá níbẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti jókòó sọ ọ́.

Watkins kò jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1870, gbèsè gba ilé fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn nẹ́gátíìfù Yosemite sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń tẹ̀ wọ́n tà lórúkọ ara rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1906, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ pátápátá, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná San Francisco run gbogbo ohun tó kù fún un. Wọ́n fi í sí ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní Napa ní ọdún 1910, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1916.

Ìmìtìtì ilẹ̀ kan náà ló gbé ọmọ ọdún mẹ́rin kan lu ògiri ọgbà ilé wọn, tí imú rẹ̀ sì ṣẹ́. Orúkọ ọmọ náà ni Ansel Adams, imú rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ọdún 1916 tí Watkins kú, àwọn òbí Adams mú un lọ sí Yosemite fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì fún un ní kámẹ́rà Kodak olówó pọ́ọ́kú. Dùùrù ló ń kọ́ nígbà náà, dùùrù náà ló sì rò pé òun yóò fi jẹun, ṣùgbọ́n òkè fà á mọ́ra. Ó dara pọ̀ mọ́ Sierra Club, ẹgbẹ́ tí John Muir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1892 láti máa dáàbò bo àwọn òkè wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1934, ó wọ ìgbìmọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún 37.

Àyípadà kan ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ Adams tí kò yẹ kí ìtàn fò. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1927, ó gun òkè dé iwájú àpáta Half Dome, dígí méjì péré ló sì kù fún un. Ó fi awò aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó ya èkíní. Lójú rẹ̀, kò ní jọ bó ṣe rí lára òun. Ó wá fi awò pupa ya èkejì, ojú ọ̀run sì dúdú kirikiri lẹ́yìn àpáta náà. Ọ̀run kò dúdú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Watkins fẹ́ kí á rí ibi tó wà. Adams fẹ́ kí á rí bí ibẹ̀ ṣe rí lára ẹni tó dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni fọ́tò ilẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní ẹ̀rí lásán.

Ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó gbé e lọ. Ní gúúsù Yosemite ni Kings Canyon wà, ibi tí àwọn kan ti fẹ́ kọ́ dáàmù. Ní ọdún 1936, Sierra Club rán Adams lọ sí Washington pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, ó ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òfin kò jáde. Ní ọdún 1938, ó tẹ ìwé fọ́tò kan, Sierra Nevada: The John Muir Trail, ẹ̀dà 500 péré. Ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Harold Ickes, mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Ickes sì gbé e lọ han Ààrẹ Franklin Roosevelt. Roosevelt gba ìwé náà, kò sì dá a padà. Ickes ní láti wá òmíràn. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti dá Roosevelt mọ́lẹ̀ láti ọdún 1921. Ọ̀nà inú ìwé náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, kò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Kings Canyon di ọgbà orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹta ọdún 1940, àmọ́ wọ́n yọ àfonífojì méjì sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń wá dáàmù, ó sì di ọdún 1965 kí wọ́n tó fi wọ́n kún un.

Àwọn ayafọ́tò mìíràn bu ẹnu àtẹ́ lu Adams pé nígbà tí ebi àti ogun ń pa ayé, àpáta ló ń yà. Ẹ̀sùn náà kò ṣàìní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọdún 1943, ó lọ sí àgọ́ Manzanar, níbi tí ìjọba kó àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Japan wá sí láìdá wọn lẹ́jọ́, ó ya wọ́n, ó sì fi àwòrán wọn tẹ ìwé jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e nígbà tí ogun ṣì ń lọ.

Fọ́tò a máa pẹ́ kó tó dé nígbà mìíràn. Ní ọdún 1963, Sierra Club tẹ ìwé Eliot Porter jáde lórí Glen Canyon, àfonífojì kan tí omi dáàmù fẹ́ bò, àwọn fọ́tò aláwọ̀ tó rẹwà púpọ̀. Dáàmù náà ti ń dá omi dúró nígbà tí ìwé jáde, omi sì ti ń gun àpáta tó wà nínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní Tasmania, erékùṣù gúúsù Australia, ibẹ̀ sì ni mo ka ìtàn fọ́tò yìí sí pé ó ti le jù. Olegas Truchanas jẹ́ ọmọ Lithuania tí ogun lé kúrò nílé. Ó dé Tasmania ní ọdún 1948, ó sì di akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń fi omi ṣe iná mànàmáná. Ní ìsinmi, ó ń rìn wọ àárín òkè, ó ń ya síláìdì. Ibi tó fẹ́ràn jù ni adágún Lake Pedder, tí iyanrìn rẹ̀ funfun, tó sì tún pọ́n díẹ̀. Ọgbà orílẹ̀-èdè ni ibẹ̀ láti ọdún 1955, ṣùgbọ́n ní 1967 ìjọba gba ipò náà kúrò lórí rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tí Truchanas ń bá ṣiṣẹ́ lè fi omi dáàmù bò ó. Ọdún 1967 yìí kan náà ni iná igbó jó ilé rẹ̀ àti gbogbo síláìdì tó ti kó jọ. Ó padà lọ sínú igbó láti tún wọn yà. Kò sí àyè fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti ta ko ìjọba ní gbangba. Ó wá pe àwọn ará Hobart, olú ìlú Tasmania, sí gbọ̀ngàn ìlú, ó pa iná, ó sì ń fi adágún náà hàn wọ́n pẹ̀lú orin. Gbọ̀ngàn ń kún, ṣùgbọ́n ìjọba kò yí ọkàn padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, Truchanas lọ ya odò Gordon, omi sì gbé e lọ. Lọ́dún náà ni Lake Pedder bọ́ sábẹ́ omi, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Ẹni tó rí òkú rẹ̀ ni Peter Dombrovskis, tí wọ́n bí ní ibùdó àwọn ogúnléndé ní Jámánì ní ọdún 1945, tí Truchanas sì tọ́ sọ́nà bí ọmọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà kéde pé dáàmù mìíràn yóò bo odò Franklin, Dombrovskis kó kámẹ́rà ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, ó sì wọ odò náà lọ. Fọ́tò tó gbé bọ̀ láti ibi tí wọ́n ń pè ní Rock Island Bend fi àpáta, igbó àti omi hàn nínú ìkùukùu òwúrọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó ta ko dáàmù kò jọ̀wọ́ ìjà náà sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Tasmania ṣètò ìbò ará ìlú ní ọdún 1981, dáàmù méjì nìkan ló fi síbẹ̀ kí wọ́n mú ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò kọ ọ́ sórí ìwé ìbò pé àwọn kò fẹ́ dáàmù kankan. Láti oṣù Kejìlá 1982, àwọn èèyàn lọ dí ọ̀nà, ọlọ́pàá sì mú ẹni tó lé ní 1,200. Kí ìbò gbogbo Australia tó wáyé ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1983, wọ́n fi fọ́tò Dombrovskis kún odindi ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn Melbourne àti ti Sydney, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ olùkà bóyá ó lè dìbò fún ẹgbẹ́ tí yóò pa irú ibẹ̀ run. Ẹgbẹ́ Labor tó ṣèlérí láti dá dáàmù dúró ló wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, adájọ́ mẹ́rin sí mẹ́ta ní ilé ẹjọ́ gíga Australia dá ìjọba àpapọ̀ láre.

Ihò àpáta kan tó ń jẹ́ Kutikina wà létí odò Franklin, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania ti gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn. Ihò yìí wà lára ohun tí wọ́n gbé síwájú ilé ẹjọ́. Bí wọ́n bá ti gbé odò náà kalẹ̀ bí ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kò tẹ̀ rí nìkan ni, apá kan ẹjọ́ ì bá ti sọnù.

Ní Áfíríkà, Gabon ni fọ́tò ti ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́nà tó hàn kedere jù. Igbó ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, erin inú rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó kù ní igbó Òmò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, Michael Fay, onímọ̀ ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, gbéra láti ìhà àríwá Congo, ó fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 455 títí ó fi dé etí òkun Gabon. Àwọn Bambendjellé àti àwọn aládùúgbò wọn tó mọ igbó ló ń la ọ̀nà fún un. Ayafọ́tò Michael Nichols ń bá wọn pàdé lọ́nà. Ó ya erin ní Langoué, pápá kan láàárín igbó tí Fay kàn lójú ìrìn náà. Ó ya erinmi tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ìgbì òkun ní etíkun Gabon. Ìwé ìròyìn National Geographic tẹ fọ́tò ìrìn náà jáde ní ọdún 2000 àti 2001.

Àwọn agégẹdú ti gba ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ púpọ̀ nínú igbó náà. Ní ọdún 2002, Fay gbé fọ́tò síwájú Ààrẹ Omar Bongo, tó ti ń ṣàkóso Gabon láti ọdún 1967. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, níbi ìpàdé àgbáyé tó wáyé ní Johannesburg, Bongo kéde ọgbà orílẹ̀-èdè 13 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gba ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ Gabon. Ṣáájú ọjọ́ náà, Gabon kò ní ọ̀kan. Ó ṣe kánkán, ó sì wá láti òkè bíi ti Lincoln àti Roosevelt. Àwọn tó ń gbé inú igbó ló gbọ́ ọ kẹ́yìn, àríyànjiyàn lórí ẹ̀tọ́ wọn láti dọdẹ àti láti pẹja sì tẹ̀ lé e.

Ní Yosemite, abúlé kan kù fún àwọn ọmọ Ahwahneechee títí di ọdún 1969 tí àwọn aláṣẹ ọgbà wó ilé tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọgbọ̀n ọdún pé kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tún abúlé náà kọ́. Ní Gabon, Langoué bọ́ sínú ọgbà Ivindo, UNESCO sì fi Ivindo kún ogún àgbáyé ní ọdún 2021.